Ẹni Tí Mo Rán Ṣíwájú

Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún 2025

Àǹtí Lois wá lánàá láti Ìjẹ̀gùn-Ẹgbá. Ààyè kan ti ṣí níbi iṣẹ́ wọn ní Yábàá, ẹni tó mọ kóòdù kọ ni wọ́n ń wá. Ó ti sọ̀rọ̀ mi fún ọ̀gá wọn. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́, àmọ́ kí n mú iṣẹ́ kan wá tí àwọn tí kò mọ̀ mí rí ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti gbà wọlé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ Iléyá. Bí kò bá sí, ẹlòmíràn wà.

Èmi rèé. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní kọ̀ǹpútà ní Àgbójú — bí wọ́n ṣe ń tàn án, bí wọ́n ṣe ń pa á. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kóòdù, inú yàrá yìí ni mo ti kọ́ ọ. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan àfi Arúgbó. (Arúgbó ni láptọ́ọ̀pù mi. Ó ń mí bí ẹni tó ń gun òkè, ṣùgbọ́n kò tíì kú.)

Àǹtí Lois ní kí n má lọ síbi ńlá. Èdè kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Sórẹ́lì, tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo ayé ló ń dá a ṣe lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tó bá fẹ́ wo inú rẹ̀, kó wò ó; ẹni tó bá lè tún un ṣe, kó tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ tó bá èdè náà wá látilé ni kò ní ìdánwò tó, wọ́n sì ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá bá àwọn kọ ọ́.

Ìdánwò kì í ṣe nǹkan bàbàrà. O máa sọ fún irinṣẹ́ pé: mo fún ọ ní báyìí, báyìí ló yẹ kí o dá padà fún mi. Bó bá dá a padà bẹ́ẹ̀, àmì aláwọ̀ ewé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, pupa. Bí Màámi ṣe máa ń bi wá ní ohun tóun alára ti mọ̀ nìyẹn, kó lè mọ̀ bóyá a máa parọ́.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Bismillah.

Ìṣẹ́gun, 13

Mo ti mú irinṣẹ́ tèmi. Tò ni mo sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé tí wọ́n kọ mọ́ ọn lára sọ pé bí ohun méjì bá dọ́gba, èyí tó wà níwájú tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣì wà níwájú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò kankan tó fi í hàn. Gbogbo wọn kàn gbà á gbọ́ ni.

Nítorí náà mo nílò àwọn tó dọ́gba. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí èmi àti Táyé. Mo kọ orúkọ mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá Àgbà sílẹ̀, mo fi ọjọ́ ìbí kálukú sí i, mo ní kí Tò tò wá bí wọ́n ṣe bí wa. Bí wọ́n ṣe ń tò wá nìyẹn lọ́dọọdún tí a bá lọ sílé Ìyá Àgbà ní Àmúwò fún Iléyá: ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, àbúrò á tẹ̀ lé e.

Táyé dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Trade Fair. Rẹ́wáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń ṣe. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ń sanwó ohun tí mo ń ṣe yìí. Mo ní rárá. Ó jẹ búrẹ́dì mi tán, ó ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú mi. Àbúrò ni, mo forí jì í.

Kí n kọ ọ́ síbí kó má baà sí àríyànjiyàn lọ́jọ́ iwájú: òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán an kó lọ bá mi tọ́ ayé wò. Ó dé, ó ké pé ayé dùn, mo wá wọlé nígbà tó wù mí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bá gbogbo ọmọ Yorùbá jà.

Ọjọ́rú, 14

Kò síná. Arúgbó sùn. Èmi náà sùn.

Ọjọ́bọ̀, 15

Pupa. Pupa. Pupa.

Mo mú wọn. Èmi Fareedah Kẹ́hìndé Fàósátù, mo jókòó sí Festac, mo mú wọn. Mo fi ìdánwò náà ránṣẹ́ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Kí èèyàn kankan tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ wọn kan ló máa ń kọ́kọ́ wò ó — Wọlé-wọlé ni mo sọ ọ́, nítorí bó ṣe ń yọjú sínú gbogbo ìkòkò onílé. Wọlé-wọlé ní ìdánwò mi kò yege: Tò fi Táíwò síwájú, ó fi Kẹ́hìndé sẹ́yìn. Ó ti yí àwọn tó dọ́gba padà. Ohun tí ìwé wọn ní kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé.

Mi ò jẹun ọ̀sán. Bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣeré níta, mo jókòó, mo kọ ọ́ síta gbangba: irinṣẹ́ yín kò pa òfin ara rẹ̀ mọ́, ẹ̀rí rèé, ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò rí i láti ọjọ́ yìí. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn dùn mọ́ mi nínú. Mo tún un kà.

Mo pe Àǹtí Lois. Mo sọ fún Màámi. Mo sọ fún Mísìtà Jayéọlá tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ọlọ́kadà tó gbé mi wálé. Táyé nìkan ni kò kí mi kú oríire. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n dáhùn ná. Ìlara ni.

Ẹtì, 16

Nǹkan ti ṣe.

Ọkùnrin kan láti Íńdíà ní òun ti fi gbogbo ọjọ́ wá àléébù náà, òun kò rí i. Ẹlòmíràn ní kò sí lórí ẹ̀rọ tòun náà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tó ń bójú tó apá ibẹ̀ dá sí i. Obìnrin ni, ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ló ń gbé. Nínú fọ́tò rẹ̀, fìlà onírun bò ó dé ojú. Ọ̀gá Yìnyín ni mo sọ ọ́. Ó rọra bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ẹni tó yẹ kó wà níwájú nínú àwọn méjèèjì.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló yẹ kó ṣáájú.

Ó ní, “Ọjọ́ ìbí kan náà ni o kọ fún wọn. Táíwò ni o sì kọ́kọ́ dárúkọ. Ta ló sọ fún irinṣẹ́ náà pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n?”

Mo padà lọ wo ohun tí mo kọ. Nínú ìlà tí mo fún Tò, Táíwò ló ṣáájú, bí gbogbo ayé ṣe ń pè wá: Táíwò àti Kẹ́hìndé. Nínú ìlà tí mo ní kó dá padà fún mi, Kẹ́hìndé ló ṣáájú, bí wọ́n ṣe ń tò wá nídìí ẹran Iléyá. Ọwọ́ mi kan náà ló kọ méjèèjì, ọkàn mi ò sì fura. Kò sí àléébù kankan lára Tò. Mo ní kí ẹ̀rọ mọ ìtàn ìbejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á fún un.

Kílẹ̀ ó lanu.

Àbámẹ́ta, 17

Àǹtí Lois pè. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ọ̀gá wa náà ń ka ibẹ̀ o,” ló wí. “Ó ní ṣé ọmọ tí mo ń sọ nìyẹn.”

Táyé gbọ́. Ó dùbúlẹ̀ sórí káńpẹ́ẹ̀tì, ó ń yí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dájọ́, láti ọ̀la lọ kí n máa kúnlẹ̀ kí òun láàárọ̀. Mo ju sílípáàsì lù ú. Kò bà á.

Mo fẹ́ pa orúkọ mi rẹ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ojú ń tì mí, ó ń tì mí dé ẹsẹ̀. Mo lọ jókòó ti Màámi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò yé e, ṣùgbọ́n ìtìjú yé e. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ pín-ìn-nì kúrò lẹ́nu. Ó ní, “Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ṣebí ìwọ lo ní o ju Táyé lọ. Wẹ̀yìn wò.”

Ó ní kí n bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́.

Àìkú, 18

Mo wẹ̀yìn wò.

Mo kọ̀wé síbi gbangba tí mo ti fọ́nnu. Mo ní èmi ni mo ṣìṣe, mo bẹ ọkùnrin Íńdíà tí mo fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò, mo sì ṣàlàyé: nílẹ̀ wa, ìbejì tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Ìránṣẹ́ ni. Mo rò pé wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín.

Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín. Ẹnì kan ní lọ́dọ̀ tàwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló ń jogún gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré ti sọ àwọn àbúrò di tálákà. Ará Bùràsíìlì kan ní ìyá-ìyá òun pa irú ìtàn yẹn fún òun ní kékeré, òun rò pé ti ilé àwọn nìkan ni. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò títí ó fi rẹ̀ mí láti kà. Ọ̀gá Yìnyín ní òun ti kà á fún ọkọ òun. Ó wá ní kí n tún ìlà náà ṣe kí n dá a padà. Ó ní, “Jẹ́ kí àwọn ìbejì náà wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwa gan-an kò dán an wò rí.”

Mo jẹ ìrẹsì àwo méjì.

Ajé, 19

Wọlé-wọlé ní ìlà mi kan gùn jù.

Ìṣẹ́gun, 20

Wọlé-wọlé ní mo fi àlàfo sílẹ̀ níparí ìlà kan, àlàfo tí ojú kò lè rí. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Ọjọ́rú, 21

Aláwọ̀ ewé! Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Yìnyín ní èèyàn mẹ́sàn-án péré kéré. Ó ní ọ̀mùtí pàápàá lè to mẹ́sàn-án láìṣìṣe. Kí n mú ìlà gígùn wá, tí àwọn tó dọ́gba pọ̀ nínú rẹ̀. Sórẹ́lì tuntun ń bọ̀ lóde. Tó bá ti di ìparí oṣù yìí, wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, ohun tó bá ṣẹ́ kù síta á dúró síta títí di ìgbà míì. Iléyá á sì ti kọjá nígbà yẹn.

Ibo ni mo ti fẹ́ rí ìbejì tó pọ̀?

Mo rẹ́rìn-ín sí ara mi. Ilé wa.

Ẹtì, 23

Wọ́n tètè pa ilé-ìwé dé nítorí Jímọ́ọ̀. Mo gba Àmúwò lọ bá Ìyá Àgbà. Ilé rẹ̀ dàgbà ju Festac lọ. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀. Mo ní kó bá mi ka gbogbo ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ọmọ tí ọmọ-ọmọ bí nínú agbo ilé Fàósátù. Kò béèrè ìdí. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí Bọ̀dá Sùlàímọ́nù, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ bí ẹni tó ń ti orí àtẹ̀gùn bọ̀, ó ń mẹ́nu ba ẹni tó jẹ́ ọmọ dáadáa àti ẹni tí kì í wá kí òun. Nígbà tó kan èmi àti Táyé, ó ní, “Kẹ́hìndé, Táíwò.” Bó ṣe pè wá nìyẹn. Mo fẹ́ kí Táyé gbọ́ ọ.

Ìbejì mẹ́fà ló wà lágbo ilé. Ọjọ́ ìbí ni Ìyá Àgbà kò mọ̀. Ẹni yìí, ọdún tí omi wọlé. Ẹni yẹn, ọdún tí wọ́n ta ilẹ̀ ẹ̀bá títì. Mọ̀nsúrát, ọmọ àbúrò bàbá wa, ló bá mi pè wọ́n káàkiri lórí fóònù.

Ìyá Àgbà ní ṣé torí ẹran Iléyá ni mo ṣe ń kọ orúkọ. Mo ní rárá, ẹ̀rọ kan ló fẹ́ tò wọ́n. Ó ní ṣé ẹ̀rọ náà máa jẹ nínú ẹran ni.

Àbámẹ́ta, 24

Pupa.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Lọ́tẹ̀ yìí Táíwò ló ṣáájú Kẹ́hìndé nínú ìlà tí mo fún un àti nínú èyí tí mo ní kó dá padà, ìbejì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún un yẹ̀ wò. Tò yí àwọn ìbejì Bọ̀dá Sùlàímọ́nù padà, ó fi Kẹ́hìndé wọn síwájú.

Mi ò pe Àǹtí Lois. Mi ò sọ fún Màámi. Ọlọ́kadà kọjá, mo wo ibòmíràn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Táyé ni mo wá pè. Ó tó àkókò kan kó tó yé e. Lẹ́yìn náà ó fa àga. Ó ní bí iná ọkọ̀ bá kú, wọn kì í pariwo mọ́ onímọ́tò. Wọ́n á máa yọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi bá ibi tó wà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ó ń pe orúkọ láti ìsàlẹ̀, èmi ń yọ wọ́n kúrò nínú ìlà, mo sì ń dán an wò lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní yọ Hafeez. Mo yọ Hafeez. Pupa. Ó ní yọ ọmọ Hafeez. Pupa. Odindi ẹbí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a yọ Morónkẹ́, ó di aláwọ̀ ewé. A dá Morónkẹ́ padà: pupa. A yọ ọ́: ewé.

Táyé ní kí ni Morónkẹ́ ṣe. Mo ní kì í ṣe òun. A fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ó tún pupa. Iye èèyàn ni. Bí wọn kò bá pọ̀, Tò ń ṣe dáadáa. Bí wọ́n bá ti kọjá iye kan, ó ń dàrú.

Mo ń retí kí Táyé ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe é. Ó ní, “Kẹ́yìn, eléyìí kì í ṣe tìẹ. Tiwọn ni.”

Àìkú, 25

Mo kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta: ohun tí mo ṣe nìyí, ohun tí mo rí nìyí, ó lè jẹ́ èmi ni mo tún ṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Mo gbé e fún Táyé kó kọ́kọ́ kà á. Ó ní kí n yọ ìlà kẹrin. Ìlà kẹrin wà tẹ́lẹ̀; ìfọ́nnu díẹ̀ ni.

Ajé, 26

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́gun, 27

Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Wọ́n yan ní pápá, mo pàtẹ́wọ́, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Mo yọ fóònù. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé: “Àwọn ìbejì yẹn tún dé?” Ó fi ẹ̀rín sí i.

Kò pẹ́, ọkùnrin kan tó ń ran Ọ̀gá Yìnyín lọ́wọ́ kọ̀wé sí mi. Ó ní Ọ̀gá ò sí nílé. Àmọ́ bí mo bá yọ ìlà gígùn yẹn kúrò, tí mo fi àwọn mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nìkan sílẹ̀, òun alára lè gbà á wọlé lónìí.

Lónìí. Mo sọ fún Àǹtí Lois. Ó ní kí ni mo tún ń dúró dè. Kí n gbà, kí n mú un wá sí Yábàá, kí n jókòó ti iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Èmi á mọ̀.

Ọjọ́rú, 28

Mo kọ̀. Mo fèsì pé kí àwọn méjèèjì jọ wọlé tàbí kí wọ́n jọ dúró síta, nítorí àwọn mẹ́sàn-án nìkan á máa sọ pé gbogbo rẹ̀ dáa, nígbà tí kò dáa. Mo fi ránṣẹ́, mo pa Arúgbó dé. Iṣẹ́ yẹn wù mí. Ó wù mí débi pé mo ti mọ ibi tí màá ti máa wọkọ̀ láàárọ̀.

Àǹtí Lois ò gbé fóònù mi. Táyé ní àgídí yìí ló jẹ́ kí n pẹ́ nínú Màámi.

Ẹtì, 30

Ọ̀gá Yìnyín ti dé. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló lọ, kò sí nẹ́tíwọ́kì níbẹ̀. Ó ní òun fi gbogbo ọjọ́ jókòó tì í. Ọgbọ́n méjì ni Tò ń lò: ọ̀kan fún ìlà kékeré, òmíràn fún ìlà gígùn kó lè yá. Èyí tó wà fún ìlà gígùn kì í pa ipò àwọn tó dọ́gba mọ́. Ó ti ń bá a bọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò fura, nítorí ìlà kéékèèké ni gbogbo wọn fi ń dán an wò. Màámi ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Ọ̀gá Yìnyín kọ ọ́ síbi gbangba náà, lójú gbogbo wọn: “Kò ṣìṣe. Àwa la ṣìṣe.”

Mo sunkún. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ti ń tún Tò ṣe. Ìdánwò mi máa bá a wọlé lọ́la. Ó ní kí èmi fúnra mi sọ ìdánwò náà lórúkọ.

Àbámẹ́ta, 31

Òjò. Wọ́n mú iná lọ láàárọ̀. Wọlé-wọlé ń béèrè ohun kékeré kan tó gbẹ̀yìn, Arúgbó mí kanlẹ̀, ó kú fin-ínfin-ín. Ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn. Mo pariwo orúkọ Táyé.

Ó gbé bátìrì ọkọ̀ oníbàárà rẹ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù Màámi, ó fi wáyà àti ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, so ó mọ́ Arúgbó. Màámi ta aṣọ òjò lé wa lórí níbi tí páànù ti ń jò. Arúgbó lajú. Mo tún un ṣe, mo fi ránṣẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ojú rẹ̀ bí ìgbà tí à ń dúró de ọmọ tuntun.

Ewé. Ewé. Ewé.

Wọ́n gbà á wọlé.

Ìgbà tó wọlé tán ni mo tó wo orúkọ tí mo sọ ọ́: *Táíwò ṣáájú, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e.* Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń to Sórẹ́lì pọ̀ láti ìpìlẹ̀, níbikíbi láyé, ẹ̀rọ rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí i dájú pé Táyé ló wà níwájú mi. Èmi náà ni mo sì buwọ́ lù ú. Táyé ti ń jó nínú òjò.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹfà

Yábàá. Àǹtí Lois ti bá mi rẹ́. Òun ló ra òrombó fún mi lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n pè mí sí. Ọ̀gá wọn kò bi mí nípa ọjọ́ tí mo jàre. Ọjọ́ tí mo jẹ̀bi ló bi mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé orí gbólóhùn ìfọ́nnu yẹn. Kò rẹ́rìn-ín, kò fajúro. Ó ní ẹnì kan tún wà tí àwọn ń wò, tó kàwé jáde nílùú òyìnbó. Ó ní àwọn máa kàn sí mi.

Ọjọ́bọ̀, 5

Kò sí ìròyìn. Àgbò ń ké ní gbogbo àdúgbò, èmi náà ń ké nínú.

Ẹtì, 6. Iléyá.

A kírun tán, a gba ilé Ìyá Àgbà lọ. Ẹran ti wà nínú ọpọ́n ńlá. Wọ́n tò wá láti orí àgbà. Nígbà tó kàn wá, Táyé fò síwájú mi, ó yọ fóònù, ó ka orúkọ ìdánwò náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹbí. Ilé dàrú. Hafeez ní òfin ayé ni òfin. Mọ̀nsúrát ní ayé wo.

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ pé kí Táyé ṣáájú. Mo ní òótọ́ ni. Ó nàka sí ọpọ́n.

“Kó ṣáájú,” ló wí. “Ṣebí iṣẹ́ tó o rán an nìyẹn. Táyé, mú ẹran. Tọ́ ọ wò. Bó bá dùn, gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Ó ti mú itan tó tóbi jù lọ. Ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú Ìyá Àgbà, ó gbé e fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Bọ̀dá Sùlàímọ́nù fi di ògiri mú.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí fóònù mi fi gbọ̀n. Àǹtí Lois ni: kú ọdún, ìdáhùn wọn ti wọ ímeèlì ẹ. Ìyẹn nìkan. Kò fi ẹ̀rín sí i, kò fi àdúrà sí i.

Mi ò lè ṣí i. Mo ní ọ̀rá ẹran ló wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rá ẹran. Mo fi itan sílẹ̀, mo wá Táyé lọ sí ẹ̀bá kànga, mo na fóònù sí i. Mo ní kó bá mi lọ wò ó ná.

Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó nu ọwọ́ mọ́ jálámíà tuntun tí Màámi rán fún un, ó gba fóònù, ó kẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, n kò sì mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ó yíjú padà.

“Ó dùn,” ló wí. “Máa bọ̀.”